Oògùn Adènà Dídì Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Imeke àti Agbègbè Àgbádárìgì Mọ̀ Nípa Ìpalára Rẹ̀

Ẹni tó bá yà ní Aradagun kúrò ní òpópónà tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì yóò dé Imeke kí ó tó kan Iworo, Ajido àti Epeme. Àwọn tí ń gbé lójú ọ̀nà yìí mọ iṣẹ́ àgbọn, iṣẹ́ ẹja àti òwò ọjà dunjú. Wọ́n sì mọ̀ pé kẹ́míìsì àdúgbò sún mọ́ ni ju ilé ìwòsàn ńlá lọ. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan oríṣi oògùn kan tí a máa ń bẹ̀rẹ̀ lílò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé nínú ilé, nínú ọkọ̀ ojú omi àti níwájú kẹ́míìsì ni wàhálà rẹ̀ ti sábà ń yọjú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí oògùn tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́. Nínú àlàyé yìí, a ó máa pè é ní oògùn adènà dídì ẹ̀jẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta ẹja yíyan ní Imeke ṣe àpẹẹrẹ. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú, ó ń dùn ún, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan itan rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní warfarin láti máa lò nílé fún oṣù mélòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi pákò fọ eyín ní òwúrọ̀, ó tutọ́, itọ́ náà sì pọ́n. Aládùúgbò kan sọ fún un pé oògùn náà ti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di omi. Ìyá náà kó oògùn pamọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun kankan kò ṣẹlẹ̀. Erìgì rẹ̀ tilẹ̀ jiná, ó sì gbà pé òun ti bọ́. Ibi tí ewu wà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sí itan lè já, kí ó gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì dí ọ̀nà ibẹ̀ pa. Ẹni tó ń ta ẹja ní àárọ̀ lè má rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá yìí kò ṣe ohun àjèjì. Ẹ̀jẹ̀ ń bani lẹ́rù, ẹni tó bá sì rí i lẹ́nu ara rẹ̀ yóò fẹ́ kí ó dúró lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń lo oògùn yìí mọ̀, àti àwọn tó ń tọ́jú wọn, ni pé ẹ̀jẹ̀ kékeré kan wà tí kì í ṣe ìdí láti dá oògùn dúró fúnra ẹni, ẹ̀jẹ̀ mìíràn sì wà tí kò yẹ kí a fi dúró sílé fún ìṣẹ́jú kan. Mímọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ó ń gba ẹ̀mí là.

Oríṣiríṣi àìsàn ló lè mú kí dókítà kọ oògùn yìí: ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ẹsẹ̀ tàbí sí ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn tí kì í lù déédéé, tàbí iṣẹ́ abẹ tí a fi ilẹ̀kùn ọkàn àtọwọ́dá sí ènìyàn láyà. Nígbà tí ọkàn kò bá lù déédéé, ẹ̀jẹ̀ a máa dúró pẹ́ nínú apá kan rẹ̀, a sì máa dì níbẹ̀. Bí ègé rẹ̀ bá já lọ sí ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ló máa yọrí sí. Warfarin kì í bu omi la ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wa ni ó ń pèsè àwọn èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́, fítámì K ni ó sì fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Warfarin kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí fítámì K náà lò tó bó ṣe fẹ́. Nítorí èyí, ẹ̀jẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dì. Pípẹ́ yìí náà ni oore oògùn, òun náà sì ni ìpalára rẹ̀. A kò lè gba ọ̀kan kí a má rí èkejì rárá.

Ní àárín èyí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé oògùn eku ni warfarin. A kò ní sẹ́ ẹ, nítorí pé òótọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ìdajì òótọ́ ni ó máa ń da oògùn rẹ̀ nù. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn màlúù ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà ń kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò dáwọ́ dúró bí wọ́n bá fara pa. Koríko gbígbẹ tó ti bu ni wọ́n jẹ. Karl Paul Link àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ló wá èròjà tó wà nínú koríko náà rí, láti ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe warfarin, tí wọ́n fi orúkọ àjọ ìwádìí yunifásítì náà sọ ọ́. Ní ọdún 1948, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láti fi pa eku. Ní ọdún 1954, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ènìyàn, nígbà tí àìsàn ọkàn sì kọlu Ààrẹ Eisenhower ní ọdún 1955, ó wà lára oògùn tí wọ́n fún un. Ìwọ̀n ló yàtọ̀. Iyọ̀ náà, bí ó bá pọ̀ jù, ó ń pa ènìyàn.

Nítorí pé ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ojú tí a fi ń wo oògùn náà. Òṣùwọ̀n kan wà tí gbogbo ayé ń lò, INR ni wọ́n ń pè é. Ti ẹni tí kò lo oògùn yìí kì í jìnnà sí 1. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ń lò ó, ohun tí dókítà ń wá wà láàárín 2 sí 3, àwọn kan tó ní ilẹ̀kùn ọkàn àtọwọ́dá sì lè nílò kí ó ga ju bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 2, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bí ó bá ti kọjá 4, tí ó ń lọ sókè, ewu ẹ̀jẹ̀ dídà ń pọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò náà máa ń súnmọ́ra gan-an. Nígbà tí òṣùwọ̀n bá ti fìdí múlẹ̀, ó lè di ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn tí ẹ mu ní ọjọ́ Ajé kì í fi ara hàn nínú ẹ̀jẹ̀ títí di Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí erìgì ìyá ẹlẹ́ja wa fi lè jiná kí ó sì rò pé ohun gbogbo dára, nígbà tó jẹ́ pé ààbò rẹ̀ ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

A mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ láti Imeke, ẹ kọ́kọ́ béèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lórí fóònù, bóyá ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ ń ṣe àyẹ̀wò INR lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá wà nínú ètò adójútòfò Ìlera Èkó, kí ó béèrè ní ilé ìwòsàn tó forúkọ sílẹ̀ sí irú àyẹ̀wò tí ètò náà gbà. Ẹ mú ìwé kékeré kan dání nígbà gbogbo, kí ẹ kọ ọjọ́, òṣùwọ̀n àti iye oògùn tí ẹ ń lò sínú rẹ̀. Ìwé náà wúlò ju ìrántí ẹnikẹ́ni lọ, pàápàá bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn níbi tí wọn kò ti mọ̀ yín rí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ hóró oògùn kan àwa ará etíkun púpọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ wa ní òkè òkun máa ń fi oògùn ránṣẹ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, hóró warfarin tó pupa rẹ́súrẹ́sú jẹ́ mílígíráàmù 5. Ní Amẹ́ríkà, èyí tó ní irú àwọ̀ yẹn jẹ́ mílígíráàmù 1. Búlúù ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 3, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 4. Bàbá tó bá ń fi àwọ̀ mọ oògùn rẹ̀ lè lo ìlọ́po márùn-ún láìmọ̀, tàbí kí ó lo ìdá kan nínú márùn-ún. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé, ẹ tún lè rí oògùn mìíràn tí ń jẹ́ Sintrom. Ìdílé kan náà ni òun àti warfarin ti wá, ṣùgbọ́n agbára hóró wọn kò dọ́gba, nítorí náà ẹ má ṣe fi èyí tí ẹ rà lódì kejì Sẹ̀mẹ̀ dípò èyí tí dókítà kọ. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára páálí, bí ojú kò bá sì ríran, ẹ pe ọmọ ilé kí ó kà á.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹ̀jẹ̀ kékeré. Erìgì tó sẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a ń fọ eyín, ara tó dúdú níbi tí a ti fara gbá nǹkan, imú tó sẹ̀jẹ̀ tó sì dá, ọgbẹ́ ọ̀bẹ tó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbẹ: àwọn wọ̀nyí sábà máa ń bá oògùn yìí rìn. Ẹ ròyìn wọn fún dókítà ní ìgbà àyẹ̀wò tó ń bọ̀, kí ẹ sì máa bá oògùn lọ. Bí wọ́n bá ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹni tí pákò ń ha lẹ́rìgì, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí imú bá sẹ̀jẹ̀, ẹ jókòó, ẹ tẹ orí síwájú, kí ẹ fún ibi tó rọ̀ lára imú pinpin fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìtú u wò. Gbígbé orí sẹ́yìn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn àgbà kò dára, nítorí ọ̀fun ni ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà lọ. Fún ọgbẹ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má da eérú, kẹrosíìnì tàbí epo mọ́tò sí i.

Iṣẹ́ ọwọ́ wa ní etíkun kún fún ohun mímú. Ìwọ̀ ẹja, ẹ̀gún ẹja, àdá tí a fi ń bó àgbọn, gbogbo wọn ń gé ni. A kò ní kí apẹja fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó wọ bàtà àti ìbọ̀wọ́ nípọn, kí ẹni tí ń gun àgbọn sì bá dókítà sọ̀rọ̀ dáadáa kí ó tó tún gun igi. Ẹni tí ń lo oògùn yìí tó bá já bọ́ láti orí igi tàbí láti orí ọ̀kadà, tó sì fi orí gbálẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí kò bá sí ọgbẹ́ kankan tí kò sì sí ibi tó ń dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí fún wákàtí tàbí ọjọ́ púpọ̀ kí ènìyàn tó mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣe é fi dúró sílé kò nira láti dá mọ̀. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà tó sì ń lẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Ìtọ̀ tó pọ́n. Èébì tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Imú tàbí ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Orí fífọ́ òjijì tí irú rẹ̀ kò ṣe ènìyàn rí, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ mọ́ ẹnu, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó kú, ojú tó ń ṣú. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń kún páàdì kan láàárín wákàtí kan náà wà lára wọn. Oògùn tó ń bu ẹ̀jẹ̀ kún ni, èyí tí wọ́n ń fún aláboyún, lè sọ ìgbẹ́ di dúdú bákan náà, nítorí náà bí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ilé ìwòsàn ni yóò sọ èwo ni. Wọ́n ní ohun tí wọ́n lè ṣe: fítámì K wà tó ń dá agbára warfarin dúró, ẹ̀jẹ̀ sì wà tí a lè fà sí ni lára.

Bí a bá ní kí a sọ ibi tí ìpalára ti sábà ń wá, a ó sọ pé ohun tí a fi kún oògùn ni, ju oògùn fúnra rẹ̀ lọ. Ara ríro mú ènìyàn, ó sì ní kí wọ́n bá òun ra oògùn wá. Ibuprofen àti diclofenac máa ń ha inú, wọ́n sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dà. Aspirin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, aspirin sì wà nínú ìyẹ̀fun Alabukun tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá búra pé òun kò lo aspirin rí ti dà á sẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ náà. (Dókítà lè dìídì kọ aspirin kékeré mọ́ warfarin fún aláìsàn ọkàn kan, ìyẹn yàtọ̀, ẹ má dá a dúró.) Paracetamol ló sàn jù fún ara ríro, kò sì yẹ kí òun náà kọjá ìwọ̀n tàbí kí ó di ojoojúmọ́ láìsọ fún dókítà. Bí inú bá ń run, tí a sì ra Flagyl, INR lè fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Septrin, ciprofloxacin àti fluconazole lè ṣe bákan náà, kínín tí a fi ń wo ibà náà sì lè ṣe é. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ń jẹ́ rifampicin ń fà á wálẹ̀ ní tirẹ̀, débi pé ẹ̀jẹ̀ lè dì padà. Ẹ kò ní jìyà ibà tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ nítorí warfarin. Ẹ kàn sọ ohun tí ẹ ń lò fún ẹni tí yóò tọ́jú yín, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò ṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Abẹ́rẹ́ ìdí nìkan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ líle nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ibà kì í lọ bí a kò bá gún ni. Fún ẹni tí ń lo oògùn adènà dídì ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ inú ẹran ara lè mú kí ẹ̀jẹ̀ kó jọ sínú ìdí, kí ó wú, kí ó le, kí ó sì dùn ún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kí ẹ tó yí ìdí sí ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún un pé warfarin ni ẹ ń lò, kí ẹ sì béèrè oògùn mímu. Gbẹ́rẹ́ sínsín náà kò yẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ti àgbo, a kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò ni kò sí ẹni tó lè kà fún dókítà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a fi ògógóró rẹ. Ọtí líle, ìbáà jẹ́ ògógóró tàbí sódabì, ń da iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ rú, ó sì ń mú kí ènìyàn ṣubú.

Àwọn kan ti pa ẹ̀fọ́ tì pátápátá nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀fọ́ ń ba warfarin jà. Fítámì K pọ̀ nínú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ugu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà fẹ́ ni kí ẹ jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n tó dọ́gba láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí pé oúnjẹ yín ni ó fi wọn oògùn yín. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àkókò ààwẹ̀ yẹ fún ìṣọ́ra, nítorí oúnjẹ ń dín kù. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé warfarin, tí ẹ sì rántí kí ọjọ́ náà tó parí, ẹ lò ó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ fi ti àná sílẹ̀, ẹ má fi ìlọ́po méjì dí i. Àwọn oògùn tuntun kan wà, bíi rivaroxaban, apixaban àti dabigatran, tí kò nílò àyẹ̀wò INR. Wọ́n wọ́n ju warfarin lọ, wọn kò sì yẹ fún ẹni tó ní ilẹ̀kùn ọkàn onírin. Agbára wọn ń tán láàárín ọjọ́ kan, nítorí náà ẹni tó bá fo ọjọ́ méjì ti wà láìní ààbò. Rivaroxaban oní-15 tàbí oní-20, oúnjẹ ni a fi ń lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara kì í gbà á tán. Kíndìnrín ń fẹ́ àyẹ̀wò lóòrèkóòrè pẹ̀lú wọn. Àwọn ìpalára mìíràn tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀wọ́n: irun lè máa rẹ̀ díẹ̀, inú lè máa rún. Awọ ara tó bá dúdú tó sì ń dunni gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní warfarin nílò dókítà kíákíá.

Obìnrin tí ń lo warfarin tó bá fura pé òun lóyún, kí ó lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Warfarin lè ba ọmọ inú jẹ́, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ heparin tí a ń gún sábẹ́ awọ sì wà tí kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kí ó má kàn dá oògùn dúró kí ó sì jókòó sílé. Lẹ́yìn ìbímọ, ìyá tí ń lo warfarin lè fún ọmọ lọ́yàn.

Ẹni tó fẹ́ yọ eyín tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ó sọ fún oníṣẹ́ náà ní ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ oògùn yín sínú káàdì kan, kí ẹ fi í sínú àpò tí ẹ máa ń gbé dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé mọ ibi tó wà. Bí ẹ̀jẹ̀ ńlá bá bẹ̀rẹ̀, ẹ pe 112 tàbí 767, kò ní gba owó lórí fóònù yín. Bí ẹ bá ti rí ọkọ̀ tó lè tètè gbé yín dé Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Àgbádárìgì, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ mú káàdì náà, ìwé òṣùwọ̀n INR àti páálí oògùn dání. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ fún nọ́ọ̀sì ní ẹnu ọ̀nà ni orúkọ oògùn náà àti ìgbà tí ẹ lò ó kẹ́yìn.